Ṣé Kí Ìyá Lọ Sùn Nínú Aṣálẹ̀ Funfun?

“Alfa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Yunifásítì Al-Azhar ní Káírò, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti fojú kàn án. Mò ń lọ kí i ní ìparí oṣù Kejìlá. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ mú mi lọ sùn mọ́jú nínú aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Aṣálẹ̀ Funfun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò mi obìnrin ní oòrùn ibẹ̀ ń pa èèyàn, ejò pọ̀ níbẹ̀, àlùjọ̀nnú ló ni ibẹ̀ lóru, ajínigbé á sì kó wa. Ṣé kí n bá wọn lọ ni, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́ sí Káírò?” Ìyá kan ló kọ ọ́ sí mi láti Ìbàdàn.

Ìyá wa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bá ọmọ láyọ̀. Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Káírò. Ìwé ni mo bá lọ; nígbà tí owó ilé kò dé déédéé mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alárinà fún àwọn ará ilé wa tó bá wá ṣèbẹ̀wò: mo ń bá wọn wá ọkọ̀, mo ń bá wọn ná owó, mo ń túmọ̀ Lárúbáwá fún wọn. Èmi kì í ṣe afinimọ̀nà, iṣẹ́ yẹn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sùn nínú aṣálẹ̀ tí ẹ ń bèèrè yìí ju ogún alẹ́ lọ, nígbà òtútù àti nígbà ooru. Nínú gbogbo ohun tí àbúrò yín kà sílẹ̀, kò sí èyí tí mo lè pè ní irọ́ pátápátá, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ olórí ewu níbẹ̀. Òtútù ni olórí ewu fún ẹni tó wà ní ipò yín. Lẹ́yìn òtútù ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, nítorí náà àwọn mẹ́ta yìí ni mo máa pẹ́ lórí wọn jù.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé àwòrán òkìtì iyanrìn àti ràkúnmí tó wà lọ́kàn yín. Iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta ẹfun ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ẹfun gan-an ni mo wí, irú èyí tó máa ń kun èèyàn lọ́wọ́ bó bá fọwọ́ pa á. Abẹ́ òkun ni ibẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú omi ló ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó fi di ẹfun. Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó ru iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ha òkúta náà. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kì í fò ga, ìdí òkúta ló sábà máa ń jẹ, orí á wá kù gbàǹgbà, ìdí á rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi dà bí olú tó hù láàárín ilẹ̀. Èyí tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò dà bí adìyẹ tó dúró ti olú. Láti ọdún 2002 ni ìjọba Íjíbítì ti sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ àbò, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn kí wọ́n má ṣe gun òkúta náà. Ó rọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Láti Káírò, ọ̀nà Bahariya ni ẹ máa gbà, nǹkan bí 370 kìlómítà sí Bawiti tó jẹ́ olú ìlú agbègbè náà, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Wáhà ni Bahariya, ìyẹn ibi tí omi ti ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ láàárín aṣálẹ̀, tí igi dàbínù sì kún. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sínú jíìpù àwọn ọmọ ibẹ̀, tí ẹ ó wá kọjú sí gúúsù, lójú ọ̀nà Farafra, wáhà mìíràn. Ẹ máa la Aṣálẹ̀ Dúdú kọjá, àwọn òkè kéékèèké tí òkúta dúdú bò mọ́lẹ̀, òkúta tó wá láti inú iná abẹ́ ilẹ̀. Láti Bawiti, ó lé ní 100 kìlómítà kí ẹ tó kan funfun. Ẹ ṣàkíyèsí jíjìn yìí dáadáa, mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ti oòrùn, àbúrò yín ì bá jàre ká ní oṣù Keje lẹ ń lọ, nígbà tí ọ̀sán ibẹ̀ máa ń kọjá 40 digíríì, tí èmi fúnra mi kì í gbà láti mú ẹnikẹ́ni lọ. Ní ìparí oṣù Kejìlá, nǹkan bí 20 ni ọ̀sán máa ń wà, ara á tù yín pẹ̀sẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ni ọ̀rọ̀ á yí padà. Nílé wa, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu máa ń ṣe bí aṣọ ìbora: ooru tí ilẹ̀ mu lọ́sàn-án, wọn kì í jẹ́ kó sá lọ tán lóru. Ní aṣálẹ̀, kò sí ìkùukùu, kò sí ọ̀rinrin. Iyanrìn àti òkúta á tú gbogbo ooru wọn sójú ọ̀run, láàárín wákàtí méjì ẹ ó máa wá aṣọ kẹta. Ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ ní Ìbàdàn, láti Sàhárà kan náà ló ti ń fẹ́ wá bá wa, ṣùgbọ́n ó ti rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé, ara rẹ̀ ti yá díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú yín ní 18 digíríì tí ẹ ń da aṣọ bora, ẹ fojú inú wo alẹ́ tó lè sún mọ́ 0. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, omi tí a gbàgbé sínú abọ́ lẹ́bàá iná dì lójú bíi dígí.

Ohun tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún àlejò ni bí òru náà ṣe gùn tó. Ní àkókò yẹn, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, ó sì máa ń kù díẹ̀ kó lu aago méje kó tó yọ. Wákàtí mẹ́rìnlá nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń ronú nípa oúnjẹ alẹ́, iná àti ìlù tí àwọn awakọ̀ máa ń lù, wọ́n á sì gbàgbé pé bí gbogbo ìyẹn bá parí ní aago mẹ́wàá, wákàtí mẹ́sàn-án ṣì kù tí èèyàn máa fi dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, jalamíà àti súẹ́tà kan ṣoṣo ni mo wọ̀. Mo gba bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, mo fi méjèèjì bora, mo sì ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Àgbàlagbà tó wakọ̀ wa ló rẹ́rìn-ín mi, ó ní ṣe ni mo kọ ẹ̀yìn sí olè tí mo wá ń ti fèrèsé. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara mi, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo ń tẹ́ máa ń nípọn ju ohun tí mo fi ń bora lọ: mátìrẹ́ẹ̀sì méjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan lé e, kí n tó sùn lé wọn.

Ní ti aṣọ, ẹ má ṣe náwó lé aṣọ òtútù ní Ìbàdàn. Kí ọmọ yín mú yín lọ sí Wekalet el-Balah ní Bulaq, òkìrìkà Káírò nìyẹn, ẹ ó rí kóòtù tó nípọn níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ẹ ra fìlà onírun tó bo etí, nítorí gèlè kò lè ṣe nǹkan kan fún òtútù yẹn. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí èyí tí ẹ máa wọ̀ sùn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi rìn, nítorí òógùn inú rẹ̀ á tutù mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Mo tún máa ń ní kí wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ìgò tó nípọn, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n gbé e sí ìdí ẹsẹ̀. Àwọn ìyá tí mo mú lọ ló máa ń dúpẹ́ jù lórí ìgò yẹn, ju gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run lọ.

Ejò ńkọ́? Paramọ́lẹ̀ kan tó ní ìwo kéékèèké lórí wà ní aṣálẹ̀ náà, àkekèé tí oró rẹ̀ le wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí kò lè mú ara rẹ̀ gbóná ni wọ́n. Nínú òtútù tí mo ṣàlàyé yìí, inú ihò ni wọ́n máa ń wà. Nínú gbogbo ìgbà tí mo lọ, àkekèé méjì ni mo rí, ìgbà ooru ni méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ gbọn bàtà yín dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ má sì fọwọ́ wá nǹkan lábẹ́ òkúta. Ẹranko tí ẹ máa rí dájúdájú ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kékeré ni, etí rẹ̀ tóbi, kò ní bù yín jẹ, ṣùgbọ́n olè paraku ni. Ó gbé bàtà ẹnìkejì mi kan lọ tí a ò rí i mọ́ títí dòní. Ní ti àlùjọ̀nnú, Mùsùlùmí ni wá, a ò ní sọ pé wọn ò sí. Ẹ ka àdúà tí wọ́n kọ́ wa fún ẹni tó bá sọ̀ sí ibi àjèjì. Àmọ́ mo ro pé mo mọ ibi tí ìtàn yẹn ti jáde. Bí oṣùpá bá tàn sórí àwọn òkúta funfun yẹn, èèyàn máa búra pé àwùjọ àgbàlagbà tó wọ aṣọ funfun ló dúró yí òun ká tí wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí lálẹ́ àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Irú èyí tó ń lúgọ sínú igbó ẹ̀bá ọ̀nà, tó sọ ìrìn-àjò di ẹ̀rù nílé wa, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ohun tí ìjọba wọn ń ṣọ́ ni àwọn onífàyàwọ́ àti àwọn apániláyà tó lè gba apá ààlà Líbíà wọlé. Nítorí ìyẹn ni àwọn ológun fi ń fojú sí gbogbo aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu ti lè yọjú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn agbófinró Íjíbítì ṣèèṣì kọlu àwọn arìnrìn-àjò tó dúró jẹun nínú aṣálẹ̀ ní agbègbè Bahariya, wọ́n rò pé apániláyà ni wọ́n. Èèyàn 12 ló kú, 8 nínú wọn jẹ́ ará Mẹ́síkò. Ìjọba ní ibi tí a ti ka léèwọ̀ ni wọ́n wọ̀. Àwọn mìíràn ní ìwé wọ́n pé. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé àṣẹ láti sùn níbẹ̀ fi ṣòro gbà lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín, títí kan èmi, pé ìwé náà á jáde lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́.

Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní tasrih. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò ló ń bá èèyàn gbà á, wọ́n á gba ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti físà ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú. Ti ọmọ yín àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún béèrè ìwé ìgbélùú wọn. Bí ìgbélùú ẹnì kan nínú wọn bá ti kú, tó ń retí òmíràn, kó yáa jókòó sílé, nítorí òun lè dá gbogbo ọkọ̀ padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Alárinà kan ní ìgboro Káírò gba owó wa, ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé “bukra”, ìyẹn ọ̀la, títí a fi gbéra láìrí ìwé lójú, pẹ̀lú ìlérí pé ó ti wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ibi tí àwọn ṣójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò ni wọ́n ti yí wa padà, èèyàn mẹ́fà, pẹ̀lú adìyẹ tí a ti fi ata àti àlùbọ́sà rẹ́ sílẹ̀. Orí òrùlé ilé tí mò ń gbé la ti sun adìyẹ náà jẹ. Láti ìgbà yẹn, bí mi ò bá tí ì fojú rí ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀, mi ò ní gbéra. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbéra.

Ó wá ku ara yín. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí ẹ sì lọ bá a kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó yẹ kí ẹ bi í. Òtútù máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ìfúnpá á sì lọ sókè. Àwọn oògùn kan nínú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ sì ń fa omi ara láìjẹ́ kí òógùn hàn. Àwọn ìyá wa wá ní àṣà kan: wọ́n á fi omi du ara wọn láti ọ̀sán kí ìtọ̀ má baà jí wọn lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo máa ń ṣírò lítà mẹ́rin sí márùn-ún fún èèyàn kan lójúmọ́, mímu àti ìdáná pọ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn òkúta ni, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́bìrì kékeré. Kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ kó pépà sínú ọ̀rá padà, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á hú u. Omi àlùwàlá kò ní tó, táyámọ́mù wà fún irú ibẹ̀ yẹn. Ìrun Àsùbáà tí mo kí níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó funfun títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, mi ò tíì kí irú rẹ̀ níbòmíì.

Mo ní mo máa padà sórí jíjìn. Láti ibi tí ẹ máa sùn dé Bawiti, ó lè lé ní wákàtí méjì, ibẹ̀ sì kéré. Ilé ìwòsàn ńlá tí èèyàn lè fọkàn tán fún àìsàn ọkàn, Káírò ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń sọnù. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń lọ sókè sódò lọ́wọ́lọ́wọ́, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oògùn yín, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má lọ sùn níbẹ̀. Ẹ lè sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Bawiti, kí ẹ jí lọ wo Aṣálẹ̀ Funfun lójúmọmọ, kí ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín lálẹ́. Ó máa rẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ó dára. Bí ìwé kò bá jáde rárá, Wadi al-Hitan wà ní Fayoum, nǹkan bí 150 kìlómítà sí Káírò, níbi tí egungun àwọn ẹja àbùùbùtán ayé àtijọ́ wà lórí ilẹ̀ gbalaja. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2005. Ibẹ̀ súnmọ́, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Bí àwọn ọ̀dọ́ yẹn bá ní kí ẹ jẹ́ káwọn yà sí wáhà Siwa tàbí kí ẹ gun Òkè Sínáì, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn. Siwa jìnnà púpọ̀, Sínáì sì ga ní 2,285 mítà, òtútù orí rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ orí yín nínú oṣù Kejìlá.

Bó bá jẹ́ ìyá mi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan, mo máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ṣe é, tí wọ́n á kúrò ní Káírò ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n á sì sùn sórí iyanrìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ sùn sí Bawiti lálẹ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ méjì ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí bí táyà ọ̀kan bá rì, èkejì ló máa fà á yọ, bí ara ẹnì kan ò bá yá lóru, ọkọ̀ kan á gbé e lọ láìtú àgọ́ àwọn yòókù. Bí wọ́n bá tún gbé méjèèjì kọ igun, tí wọ́n ta aṣọ mọ́ ọn lára, ògiri yín nìyẹn, afẹ́fẹ́ kò ní rí yín mú. Kí ọmọ yín bá awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má gba ọ̀dọ̀ alárinà ojú títì. Kó bi í pé alẹ́ mélòó ló sùn níbẹ̀ lóṣù yìí, bùláńkẹ́ẹ̀tì mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń padà. Ẹni tó bá dá ìyẹn lóhùn kíákíá, ó mọ iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ iye owó, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti tú pọ́n-ùn Íjíbítì sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹta ọdún 2024, iye tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Ẹ ṣáà béèrè bóyá owó tasrih, owó ìwọlé sí ilẹ̀ àbò náà, oúnjẹ àti aṣọ ìbora wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Wọ́n á fẹ́ alẹ́ tí kò sí oṣùpá, nítorí ìgbà yẹn ni ìràwọ̀ máa ń pọ̀ dé ibi tí ojú ọ̀run á fẹ́rẹ̀ẹ́ já wálẹ̀. Wọ́n jàre tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dìde lóru ẹ̀ẹ̀mejì nítorí oògùn, oṣùpá ló nílò. Ẹ wo kàlẹ́ńdà Hijira yín, ẹ wá ọjọ́ tó bá bọ́ sí ìkẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, ẹ jẹ́ kó bá ọjọ́ tí ẹ máa wà ní Káírò mu, kó tó di pé ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ yín bá ń ṣàròyé, ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù yín ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí.